Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́: Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kù àwọn ọlọ́kadà Òtu àti ọ̀nà oko tí wọ́n pa tì

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ lónìí lè dà bíi ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì lásán, ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn so mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá dé ìlú Òtu, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, tàbí Òkàká, Ìpàpó àti Kòmu tó wà lágbègbè kan náà, tẹ́ ẹ bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lásìkò táwọn àgbẹ̀ ń kó ẹrù oko wọ̀lú, kò ní í pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa rí ọ̀kadà tí ìdí rẹ̀ ga sókè bíi ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó fẹ́ ta èèyàn nípàá. Iléeṣẹ́ tó ṣe ọ̀kadà yẹn kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì ló tú ṣọ́ọ̀kù tó bá a wá, tó fi ti ọ̀kadà mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹlòmíì á fi ṣọ́ọ̀kù ọ̀kadà 150 sára ọ̀kadà 100. Ẹlòmíì á lọ wá ti kẹ̀kẹ́ Márúwá, nítorí pé ìyẹn le ju ti ọ̀kadà lọ. Àwọn kan ò tiẹ̀ ní í yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, ṣe ni wọ́n á ní kí wẹ́dà jó méjì mìíì mọ́ ọn, tí ọ̀kadà kan ṣoṣo á wá máa fi ṣọ́ọ̀kù mẹ́rin rìn lẹ́yìn.

Àwọn ará ìlú ńlá tó bá rí i máa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíì á ní àìmọ̀kan ló ń ṣe wọ́n, pé kí ìjọba kàn gbẹ́sẹ̀ lé irú ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ ló kù. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún dà bíi ti amúkùn-ún tí wọ́n ní ẹrù rẹ̀ wọ́, tó ní òkè lẹ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an la fẹ́ wò lónìí: ìsàlẹ̀ ọ̀kadà níbi tí ṣọ́ọ̀kù wà, àti ìsàlẹ̀ táyà níbi tí ọ̀nà wà.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà l'Ókè-Ògùn, àgbègbè yìí sì ni wọ́n máa ń pè ní agbọ̀n oúnjẹ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí àti kajú ń ti ibẹ̀ wá. Ká má parọ́, nǹkan ti yí padà lórí àwọn ọ̀nà ńlá kan. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, tó gùn tó kìlómítà 65, ti di ọ̀nà gidi láyé Gómìnà Ṣèyí Mákindé. Ti Ìsẹ́yìn sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó lé ní kìlómítà 76, náà ti di ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ọ̀nà yìí ṣe rí tẹ́lẹ̀ á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n iṣu kì í hù sórí ọ̀dà. Inú oko ló ti ń hù, láàárín oko àti ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù lè dúró sí, ojú ọ̀nà kan wà tí kò sí nínú àwòrán tí ìjọba ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ pupa ni, òkúta wà níbẹ̀, kòtò àti gegele ló sì pọ̀ jù. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹrin, àgbàrá á la àárín ọ̀nà. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, iyanrìn á bo kòtò tí àgbàrá gbẹ́ mọ́lẹ̀, ọlọ́kadà ò ní í mọ̀ àfi tí táyà bá já sínú ẹ̀.

Ọ̀kadà nìkan ló lè gba ibẹ̀. Òun ló ń gbé ẹrù oko, òun ló ń gbé aláboyún tó ń rọbí lọ sílé ìwòsàn, òun náà ló ń gbé olùkọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́ abúlé. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù ọ̀kadà l'Ótu, ẹ má rò pé fáàrí ni. Kì í ṣe bíi tàwọn ọmọ ìlú òyìnbó tó ń pààrọ̀ tiwọn torí kí wọ́n lè sáré dáadáa lọ́jọ́ ìsinmi. Oúnjẹ òòjọ́ ló fà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀kadà tó wọ́pọ̀ lágbègbè wa, àwọn onínjìnnì 100 sí 150, kò wúwo ju nǹkan bíi kílò 110 sí 125 lọ fúnra wọn. Èèyàn méjì ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó ń gùn ún àti èrò kan. Àpò àgbàdo kan tó bá kún dáadáa tó kílò 100. Tí ọlọ́kadà tó wọn kílò 65 bá wá gbé àpò méjì sẹ́yìn, kílò 265 ló wà lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò ju kílò 120 lọ. Ó ti gbé ìlọ́po méjì ara ẹ̀, ó sì tún lé. Ṣọ́ọ̀kù tó bá a wá láti iléeṣẹ́ á rì mọ́lẹ̀ pátápátá. Gbogbo kòtò tó bá kó sí, irin á máa gbá irin, pákó, pákó. Kò ní í pẹ́ tí ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kù náà á fi jò tán.

Kí ló dé tí wọ́n ń gbé àpò méjì? Ibi tí ọ̀rọ̀ ọrọ̀ ajé ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ṣáájú ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo kan kò tó igba náírà níléepo ìjọba. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti fò kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ọlọ́kadà tó ń gbé àpò kan lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ wá rí i pé epo lílọ bíbọ̀ náà ti jẹ gbogbo èrè. Ohun tó kù tó lè ṣe ni kó gbé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Nínú oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, ìjọba jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí wọ́n ń pè ní nǹkan bíi 470 náírà ní báńkì ti ju 1,500 lọ nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024. Ọ̀kadà wa, láti Íńdíà àti Ṣáínà ni wọ́n ti ń wá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà ara wọn. Bí dọ́là ṣe ń gòkè ni ojúlówó ṣọ́ọ̀kù ń gòkè.

Ṣé ẹ rí bó ṣe so pọ̀? Epo wọ́n, ẹrù pọ̀ sí i. Ẹrù pọ̀, ṣọ́ọ̀kù bàjẹ́. Náírà já wálẹ̀, ojúlówó ṣọ́ọ̀kù ò ṣeé rà mọ́. Ọ̀nà ò yí padà. Mẹkáníìkì wá wo orí igbá rẹ̀ níbi tó kó àlòkù sí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti 150 kan wà ńbí o, ó máa bá a mu." Ta ló máa sọ pé rárá?

Ẹ wá jẹ́ ká wò ó bóyá lóòótọ́ ló bá a mu. Nǹkan méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀kù. Àkọ́kọ́ ni sípíríǹgì tó ń gbé ẹrù dúró. Èkejì ni ọ́ìlì tó wà nínú ọ̀pá rẹ̀, tó ń gba ojú ihò tín-ín-rín kọjá. Iṣẹ́ ọ́ìlì yìí ni pé kó má jẹ́ kí sípíríǹgì tó ti rì mọ́lẹ̀ ta padà sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Sípíríǹgì tí kò ní ọ́ìlì dà bíi bọ́ọ̀lù: tí o bá lù ú mọ́lẹ̀, á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kù àlòkù tí wọ́n ń tà, ìta rẹ̀ nìkan ni wọ́n kùn. Sípíríǹgì rẹ̀ ṣì le, ọ́ìlì inú rẹ̀ ti lọ. Tí wọ́n bá gbé e sára ọ̀kadà, inú ọlọ́kadà á dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé kò rì mọ́. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà tó rí gbágungbàgun, táyà ẹ̀yìn á máa fò kúrò nílẹ̀. Táyà tí kò sí nílẹ̀ ò lè ṣe bíréèkì.

Gígùn rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Tí ṣọ́ọ̀kù tuntun bá gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí ọ̀kadà á ga, orí á tẹ̀. Ọwọ́ á wá fúyẹ́, ọ̀kadà á máa yára yà sọ́tùn-ún sósì, pàápàá lórí iyanrìn. Ṣéènì tí wọ́n ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ kò ní í rí bó ṣe yẹ mọ́, torí apá irin tó mú táyà ẹ̀yìn ti wálẹ̀ ju ibi tó yẹ kó wà. Bó bá le jù, ó lè já. Bó bá dẹ̀ jù, ó lè yọ kó lọ́ mọ́ táyà. Sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ pàápàá kò ní í tó ilẹ̀ dáadáa mọ́, ọ̀kadà á sì máa ṣubú níbi tí wọ́n gbé e sí.

Ihò ojú ṣọ́ọ̀kù tún ńkọ́? Ọ̀kadà kan yàtọ̀ sí èkejì. Tí ihò bá tóbi ju bóòtù lọ, àwọn kan á gé páìpù kékeré dí i, àwọn mìíì á fi rọ́bà táyà dí i. Ó máa ń dúró fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ìmìtìtì yẹn á sì máa jẹ irin tí wọ́n so ó kọ́. Tí wẹ́dà bá ti jó irin mìíì mọ́ férémù láti fi so ṣọ́ọ̀kù kẹta àti ẹ̀kẹrin, iná tó fi jó o ti sọ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ di aláìlágbára. Ibi tó máa ti ya lọ́jọ́ kan nìyẹn.

Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù lọ nínú gbogbo ẹ̀, ojú kì í rí i. Ṣọ́ọ̀kù tó ń rì, ìkìlọ̀ ni. Ohun tó ń sọ fún ọlọ́kadà ni pé, "Bàbá, ẹrù yìí ti pọ̀ jù." Tí wọ́n bá fi èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ sí i, a ò tíì fún ọ̀kadà lágbára kankan. Ẹnu rẹ̀ la dí. Férémù ṣì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Táyà ṣì jẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ìlù bíréèkì tó wà nínú wíìlì ṣì jẹ́ ti èèyàn méjì. Òfin ìṣẹ̀dá sì rèé tí kò sẹ́ni tó lè bá a dúnàá-dúrà: bí ìwúwo bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ tí bíréèkì máa ṣe kó tó lè dá ọ̀kadà náà dúró di ìlọ́po méjì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, iṣẹ́ náà di ìlọ́po mẹ́rin. Ọlọ́kadà tó ti fi ṣọ́ọ̀kù Márúwá sí i á rò pé òun ti ní ọ̀kadà tuntun, á tẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó bá sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, tí ewúrẹ́ já sí i lójú ọ̀nà, ìgbà yẹn ló máa mọ̀ pé ẹ̀yìn nìkan ló le.

A ò sọ pé gbogbo pípààrọ̀ ló burú o. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kù ọ̀kadà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n sí èyí tó wà nílẹ̀, tí gígùn wọn bá dọ́gba, tí ihò ojú wọn bá rí bákan náà, tí ọ́ìlì inú rẹ̀ bá pé, lè ṣiṣẹ́ dáadáa ju ayédèrú tí wọ́n tẹ orúkọ iléeṣẹ́ mọ́ lára lọ. Ọgbọ́n wà nínú iṣẹ́ àwọn èèyàn wa. Irú ọgbọ́n yìí ló ń mú kí ọ̀kadà tó yẹ kó ti di irin àlòkù ṣì máa rìn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí kò ní ìwọ̀n, tẹ́tẹ́ ni.

Kí wá ni òfin sọ? Òfin wà o. Èrò kan péré ni òfin ìrìnnà fàyè gbà lórí ọ̀kadà, akoto sì di dandan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àjọ FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú òfin akoto lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009. Akoto wọ́n, kò sì tó. Àwọn ọlọ́kadà kan gbé igbá dé orí, wọ́n so okùn mọ́ ọn lábẹ́ àgbọ̀n, gbogbo ayé sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín pa wá nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀. Tí ìjọba bá ṣòfin láìwo ohun tó wà lápò ẹni tó ń ṣòfin fún, igbá ni wọ́n máa gbé dé e. Ṣọ́ọ̀kù Márúwá tó wà lára ọ̀kadà l'Ótu yìí, ọmọ ìyá igbá ọdún 2009 ni.

Àwọn kan á ní kí wọ́n fòfin de ọ̀kadà pátápátá bí Èkó ṣe ṣe. Èkó fòfin dè é láwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì ọdún 2020. Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, wọ́n tún lé wọn kúrò pátápátá níjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Bóyá ó dáa, bóyá kò dáa, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Èkó ní bọ́ọ̀sì, ó ní dáńfó, ó ti wá ní rélùwéè. Kí ni àgbẹ̀ tó wà lóko Ìgbójàyè máa gùn? Ẹni tó bá fòfin de ọ̀kadà níbẹ̀ ti fòfin de ọjà nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká padà sí ìsàlẹ̀ táyà. Ta ló ni ọ̀nà oko? Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 kà á mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n máa ṣe ọ̀nà àti òpópónà, kí wọ́n sì máa tún un ṣe. Kì í ṣe Abújá, kì í ṣe Agodi n'Íbàdàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí a bá bi alága káńsù pé kí ló dé, ohun tó máa ń sọ ni pé owó òun ò dé ọwọ́ òun, pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gbà á. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kọkànlá oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa dájọ́ pé kí owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, pé gómìnà kankan ò lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í mú. Àríyànjiyàn lórí bí wọ́n ṣe máa san án kò dí wa lọ́wọ́ láti béèrè ọ̀rọ̀ kan: tí owó yìí bá dé Òtu, mélòó nínú ẹ̀ ló máa dé ojú ọ̀nà oko?

Ètò mìíràn náà tún wà, èyí tí wọ́n ń pè ní RAAMP, tí Báńkì Àgbáyé ń kówó sí. Torí ọ̀nà ìgbèríko àti ọjà oko ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà nínú ẹ̀. Ó yẹ káwọn ọba wa, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àtàwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kadà l'Ókè-Ògùn máa béèrè pé ọ̀nà wo ló kàn, ìgbà wo ni wọ́n máa ṣe é, ta ló gba iṣẹ́ rẹ̀. A ò sọ pé kí wọ́n da ọ̀dà sí gbogbo ọ̀nà oko. Ọ̀nà oko kì í fi dandan fẹ́ ọ̀dà. Ohun tó ń pa á ni omi. Tí wọ́n bá gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gbé òpó omi sábẹ́ ibi tí àgbàrá ti ń kọjá, tí wọ́n da ilẹ̀ pupa sí àárín kó ga díẹ̀ kí omi lè máa ṣàn sí ẹ̀gbẹ́, tí kátápílà sì ń gba ibẹ̀ lọ́dọọdún lẹ́yìn òjò, ọ̀kadà tó ń lo ṣọ́ọ̀kù iléeṣẹ́ lè máa gba ibẹ̀ láìsí wàhálà. Iṣẹ́ tí káńsù lè ṣe nìyẹn.

Wọ́n á ní kò sówó. Ṣùgbọ́n owó ń jáde o, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó ń san án. Gbogbo ṣọ́ọ̀kù tó bàjẹ́, gbogbo rírọ̀ àti jíjó, gbogbo táyà tó bẹ́, gbogbo ẹ̀yìn tó ń ro ọlọ́kadà lálẹ́, gbogbo iṣu tó fọ́ sójú ọ̀nà, owó orí ọ̀nà tí kò sí ni. Ọlọ́kadà ń san án, á gbé e lé àgbẹ̀ lórí, àgbẹ̀ á gbé e lé alájàpá lórí, alájàpá á gbé e dé Bódìjà. Ẹni tó ń ra iṣu n'Íbàdàn tó ń ṣépè pé iṣu wọ́n, ó wà nínú àwọn tó ń ra ṣọ́ọ̀kù Òtu, kò kàn mọ̀ ni.

Kí ìjọba tó dé, kí làwa fúnra wa lè ṣe? Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ẹ gbọ́ mi. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn tó wà lára ọ̀kadà yín. Lára ọ̀pọ̀ wọn, òrùka kan wà níbẹ̀ tó ní ìpele ìpele, bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí wọ́n máa ń fi irin kan yí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀ sí i nígbà tí ẹrù bá wà. Àwọn kan ti gun ọ̀kadà títí tó fi gbó láìfọwọ́ kàn án rí. Ẹ yí i sókè tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ́rù, kẹ́ ẹ dá a padà tẹ́ ẹ bá ń gbé ara yín nìkan. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ pààrọ̀, ẹ pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má fi ọ̀kan le kí ọ̀kan rọ̀. Ẹ gbé tuntun àti ti tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n láti àárín ihò òkè dé àárín ihò ìsàlẹ̀. Bí kò bá dọ́gba, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: bó bá ta padà wàrà bíi bọ́ọ̀lù, ọ́ìlì ò sí nínú ẹ̀. Ó yẹ kó máa gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá ti wọlé tán, kí ẹni tó máa ń gùn ún jókòó lé e. Tí ìdí ọ̀kadà bá rì díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ibi tó lè rì dé, ó dáa. Tí kò bá rì rárá, ó ti le jù fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ṣéènì wọ̀n nígbà tí èèyàn wà lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì yẹ bíréèkì méjèèjì wò.

Nípa ẹrù, ẹ jẹ́ kó sún mọ́ àárín ọ̀kadà bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹrù tó wà lẹ́yìn pátápátá, tó kọjá ibi tí táyà ẹ̀yìn fẹsẹ̀ kàn, á máa gbé orí ọ̀kadà sókè. Tí orí bá ti fúyẹ́, ọwọ́ ò ní í gbọ́ràn mọ́, pàápàá tẹ́ ẹ bá ń gun òkè. Ṣọ́ọ̀kù kankan ò lè wo àìsàn yẹn sàn, ì báà jẹ́ ti tírélà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi iná kan férémù àti apá irin tó mú táyà ẹ̀yìn torí àtifi ṣọ́ọ̀kù kún ṣọ́ọ̀kù. Ẹ kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ yín ní wíwọ̀n, kì í ṣe títú àti dídè nìkan. Pólì Òkè-Ògùn wà ní Ṣakí, kò jìnnà. Kí ló burú tí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àti ẹgbẹ́ ọlọ́kadà bá kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n bá wọn ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan péré, kí wọ́n fi hàn wọ́n èyí tó bá ara mu nínú àwọn ṣọ́ọ̀kù tó wà lọ́jà àti èyí tí kò bá ara mu? Kí wọ́n kọ ọ́ sórí bébà kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Kí àjọ SON, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti lé ayédèrú ọjà, náà yà wá wo ohun tí wọ́n ń tà fún wa ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, kó má jẹ́ pé etíkun Èkó nìkan ni wọ́n mọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń to ọ̀kadà pọ̀ níbí pàápàá mọ̀ pé ọ̀nà wa ò dáa, wọ́n sì mọ iye tí wọ́n ń rí lọ́wọ́ wa. Ṣọ́ọ̀kù agbẹ́rù tó bá ọ̀kadà wọn mu, tí tálákà lè rà, kò pọ̀ jù láti béèrè lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó ṣòro jù ni ti àwọn tó ń ṣèjọba. Ọ̀rọ̀ wọn jọ ti ọ̀kadà yìí gan-an. Bí ọ̀nà ṣe ń bàjẹ́, àwa ń dọ́gbọ́n sí i. Bí epo ṣe ń wọ́n, àwa ń dọ́gbọ́n sí i. Àgbẹ̀, ọlọ́kadà àti mẹkáníìkì ló ń fara gba gbogbo kòtò, ni àwọn tó wà lórí àga bá ń rò pé ọ̀nà tẹ́jú, torí ìjókòó wọn kò mì. Ìkìlọ̀ tó yẹ kó dé etí wọn, a ti fi ìfaradà wa dí i lẹ́nu. Ó tó àsìkò kí wọ́n gbọ́ bí irin ṣe ń gbá irin. Ìgbà tí alága káńsù bá tún pe ìpàdé, tàbí tí ẹni tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ bá tún wá kí wa, ẹ má kàn sọ pé ọ̀nà ò dáa. Ẹ kó àwọn ṣọ́ọ̀kù tó bàjẹ́ lọ́dún kan dání, kẹ́ ẹ kó wọn sílẹ̀ níwájú wọn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kà á.